Adìẹ ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Kétu: ìran tí kò ní Baba Ẹlẹ́gùn

Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá tí àwọn ọmọ Odùduwà mọ̀, adìẹ oníka márùn-ún ni ó tan yẹ̀pẹ̀ ká orí omi, tí ilẹ̀ fi fẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìka mẹ́rin ni adìẹ sábà máa ń ní ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Oníka márùn-ún ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó wà lóòótọ́, ó sì máa ń fi í ran ọmọ rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn náà ti wo ẹsẹ̀ adìẹ dáadáa.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá fi sọ adìẹ lórúkọ, ní Okpomẹta gẹ́gẹ́ bí ní gbogbo ilẹ̀ Kétu. Asa ni èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn. Òpìpì ni èyí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láìní ìyẹ́ wà pẹ̀lú. Adìẹ funfun ni wọ́n ń wá fún Ọbàtálá. Asa àti òpìpì ní iṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́ babaláwo àti oníṣègùn. Kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ ìran adìẹ sí. Ọ̀bẹ ni ó ń ṣe àṣàyàn: àkùkọ tí wọ́n pa fún àlejò kò bímọ mọ́, èyí tí baálé ní kí wọ́n dá sí ni ó ń gun àgbébọ̀ agbo ilé, àwọ̀ àti ìyẹ́ rẹ̀ ni yóò sì hàn lára àwọn òròmọdìẹ.

Iṣẹ́ ìran dé ìran yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ ọ̀sìn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ka adìẹ agbègbè Pobè, Kétu àti Adja-Ouèrè sí ẹ̀yà kan lọ́tọ̀. Holli ni wọ́n pè é, orúkọ tí Faransé ń pe àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò Kétu.

Ní 1886, ogun Dahomey wó Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Lẹ́yìn tí Faransé gba Abomey ní 1892 ni wọ́n padà wá tún ìlú tẹ̀ dó. Oyè Alákétu sọjí, Baba Ẹlẹ́gùn sì pa orúkọ àwọn ọba mọ́ sí orí. Ìran adìẹ kò ní Baba Ẹlẹ́gùn. Bí èyí tí ó kẹ́yìn bá kú, ó parí.

Lónìí, àkùkọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ń wá, nítorí ẹran ara rẹ̀ pọ̀. Kò sí àbùkù nínú èrè. Ewu ibẹ̀ ni pé, bí òun nìkan bá ń gun gbogbo àgbébọ̀, yóò bo ìran ìṣáájú mọ́lẹ̀. Adìẹ tí ọrùn rẹ̀ ṣí ń fara da ooru ju ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ. Irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kò ṣeé rà padà bí ó bá ti sọnù.

Títọ́jú ìran náà ní òfin tirẹ̀. Bí asa bá gun asa, nínú òròmọdìẹ mẹ́rin, bí ọ̀kan ni ìyẹ́ rẹ̀ yóò máa já dànù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò, méjì yóò jẹ́ asa, ìyẹ́ ọ̀kan yóò sì dán. Bí asa bá gun abo tí ìyẹ́ rẹ̀ dán, bí ìdajì ọmọ ni yóò jẹ́ asa, kò sì ní sí èyí tí yóò wà ní ìhòòhò. Nítorí náà, kí asa ilé kan tó lọ sí ibi ẹbọ tàbí ọjà, ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ ti wà ní agbo ilé. Kí àwọn ìdílé sì máa pààrọ̀ àkùkọ láàárín ara wọn, kí àbúrò má baà máa gun ẹ̀gbọ́n.