Orísun Orúkọ Ẹyẹ Nínú Àwọn Èdè Síláfù

Orúkọ ẹyẹ kì í ṣe ohun tí a kàn fi ń pe ẹyẹ lásán. Ìtàn àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ wà nínú rẹ̀. Àwọn èdè Síláfù, bí èdè Rọ́ṣíà, ti Pólándì àti ti Ṣẹ́ẹ̀kì, fi èyí hàn gbangba.

Igbe ẹyẹ ni ó bí orúkọ mìíràn. Ẹyẹ tí ń ké “kuku” ni Rọ́ṣíà ń pè ní kukushka, tí Pólándì ń pè ní kukułka, tí Ṣẹ́ẹ̀kì ń pè ní kukačka. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Yorùbá ṣe sọ kowéè lórúkọ. Ìṣe ẹyẹ ni ó bí òmíràn: petukh, èyí tí í ṣe àkùkọ, ti inú pet' wá, èyí tí í ṣe “kọrin”.

Ṣùgbọ́n orúkọ a máa tan ènìyàn jẹ. Golub' ni ẹyẹlé lédè Rọ́ṣíà, goluboy sì ni àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹni tí kò wádìí yóò rò pé àwọ̀ ni ó bí orúkọ ẹyẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹyẹlé ni ó fún àwọ̀ lórúkọ, nípasẹ̀ ìyẹ́ ọrùn rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ orúkọ tí ó jẹ́ ogún? Kannakánná ni vorona, wrona àti vrána nínú èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màlúù ni korova, krowa àti kráva. Nígbà tí ìró yàtọ̀ ní ọ̀nà kan náà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ó hàn pé wọ́n ti wà kí àwọn èdè náà tó pínyà. Àlejò ni popugay, orúkọ ayékòótọ́, nítorí ẹyẹ náà kò sí nínú igbó wọn.

Max Vasmer bẹ̀rẹ̀ ìwé orísun ọ̀rọ̀ èdè Rọ́ṣíà ní 1938. Ní 1944, bọ́ǹbù jó àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Berlin. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ìdìpọ̀ mẹ́ta sì jáde ní Heidelberg láàárín 1950 sí 1958.

Ohun tí a kọ sí ibì kan ṣoṣo lè jóná; orúkọ tí a kò kọ rárá a máa bá àgbà wọlẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá gbọ́ orúkọ ẹyẹ lẹ́nu ọdẹ, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn àti orúkọ abúlé, kí ó sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Láìsí èyí, kò sí ohun tí a ó fi wé ara wọn.