Aago Mọ́kànlá Ààbọ̀ ní Port Harcourt

Aago méjìlá òru, ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù kọkànlá, 1995. Port Harcourt ń sùn. Ọ̀sán gangan ni ní Auckland, ní Niu Sílándì, níbi tí àwọn olórí ìjọba inú àjọ Commonwealth ti péjọ. Wákàtí méjìlá gééré ló wà láàárín ìlú méjèèjì. Iye kan náà ni aago wọn ń kà, ọ̀kan lóru, ọ̀kan lọ́sàn-án. Ọ̀gágun Sani Abacha, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, kò lọ. Tom Ikimi, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, ló rán. Ken Wiwa, ọmọ Ken Saro-Wiwa, wà ní Auckland pẹ̀lú. Ó ń tọ àwọn alágbára lọ, ó ń ṣìpẹ̀ fún baba rẹ̀.

Ìdájí. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé ìdájí ni wọ́n jí ọkùnrin mẹ́sàn-án ní àtìmọ́lé àwọn ológun ní Bori Camp, tí wọ́n sì kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt. Ó yẹ ká dárúkọ wọn tán, torí ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rántí: Ken Saro-Wiwa, Barinem Kiobel, John Kpuinen, Baribor Bera, Saturday Dobee, Nordu Eawo, Daniel Gbokoo, Paul Levura àti Felix Nuate. Ọmọ Ogoni ni wọ́n. Ẹni ọdún 54 ni Saro-Wiwa. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kàwé, òun ló sì kọ eré Basi & Company tó pa wá lẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹgbẹ́ MOSOP tó ń darí ló fi ń béèrè pé kí Shell àti ìjọba san ohun tó tọ́ lórí ilẹ̀ àti odò tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí ló dé tí lọ́yà kankan kò lè sáré lọ sílé-ẹjọ́ láàárọ̀ yìí? Òfin ti dí ọ̀nà. Ní 21 oṣù karùn-ún 1994, wọ́n pa àwọn àgbà Ogoni mẹ́rin ní Giokoo. Ikú oró ni, ẹni tó ṣe é sì yẹ kó jìyà. Ẹ̀sùn ikú yìí ni ìjọba fi kan àwọn mẹ́sàn-án, àmọ́ Saro-Wiwa kò sí níbẹ̀. Àwọn ológun ti dá a padà lọ́nà lọ́jọ́ náà. Ìjọba kò gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù tí gbogbo wa mọ̀. Ilé-ẹjọ́ àkànṣe ni wọ́n gbé kalẹ̀, Adájọ́ Ibrahim Auta ni alága, ológun kan sì wà lára àwọn tó jókòó dájọ́. Gani Fawehinmi àti Femi Falana gbèjà wọn títí wọ́n fi rí i pé ibi tí ẹjọ́ ń lọ ti hàn ṣáájú, wọ́n sì yọwọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí kan búra pé wọ́n fún àwọn ní rìbá kí àwọn lè parọ́ mọ́ Saro-Wiwa. Kò sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nínú òfin ológun tí wọ́n fi dájọ́ náà. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gágun nìkan ló lè yí ìdájọ́ padà. Ní 8 oṣù kọkànlá, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí ikú.

Ọjọ́ méjì péré nìyẹn. Níbi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí lójú tèmi.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ti lù ní Auckland. Nelson Mandela ti ń sọ fáwọn tó ń fẹ́ kí ayé fi ọwọ́ líle mú Abacha pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ká fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Àwa náà mọ̀ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ó sì jọ pé ó ti ṣiṣẹ́ rí: ní 1 oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ káríayé, Abacha kò pa Shehu Yar'Adua mọ́, ó sì dín ẹ̀wọ̀n Olusegun Obasanjo kù. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ a máa fẹ́ àkókò, àkókò gan-an sì ni òfin yẹn ti gbà lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀, tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹgi fún wọn. Ìròyìn tó tàn kálẹ̀ ni pé igi kò tètè pa Saro-Wiwa, pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n gbìyànjú. Lójú Auckland, òru ti jìn.

Ọ̀sán. Wọn kò gbé òkú fún ẹbí. Wọ́n sin wọ́n sí ìtẹ́ òkú Port Harcourt lábẹ́ ìṣọ́ ológun.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ Sátidé ń mọ́ ní Auckland, ìròyìn sì ti dé. John Major, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé ilé-ẹjọ́ ni wọ́n fi pànìyàn. Mandela bínú gidigidi. Ó ní kí wọ́n lé Nàìjíríà jáde. Lọ́jọ́ Sátidé náà, àjọ náà já ìwé gbélé-ẹ fún Nàìjíríà, kò sì gbà á padà títí di 1999. Amẹ́ríkà, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ìjọba Yúróòpù pe aṣojú wọn wálé. Epo wa nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Ní 15 oṣù kejìlá, oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn ikú wọn, Shell àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé láti kọ́ ilé-iṣẹ́ gáàsì ńlá ní Nàìjíríà.

Aago méjìlá òru tún lù. Àwọn ọmọ Ogoni mìíràn ṣì wà látìmọ́lé, tí wọ́n ń dúró de irú ìdájọ́ kan náà lórí ẹ̀sùn kan náà. Lẹ́yìn ariwo tó gba ayé kan, ìjọba kò gbé wọn síwájú ilé-ẹjọ́ àkànṣe yẹn. Ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ní oṣù kẹsàn-án 1998, lẹ́yìn ikú Abacha, ogún wọn fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde.