Ọkọ̀ Àgbà Lójú Òkun: Kí Ni Ó Yẹ Kí Èrò Máa Retí?

Ní ọdún 2025, wọ́n fa ọkọ̀ ojú omi kan wọ èbúté Ghent ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m kí wọ́n lè tú u palẹ̀, kí irin rẹ̀ sì di títà. Astoria ni orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kàn án. Ọdún 77 ti kọjá láti ìgbà tí ó ti kọ́kọ́ gbé èrò la òkun já. Ní gbogbo ọdún tí ó fi gbé àwọn arìnrìn-àjò ìgbafẹ́ kiri, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń bi ara wọn kí wọ́n tó sanwó: ọkọ̀ tí ó ti dàgbà tó báyìí, tí kò sì tóbi, ǹjẹ́ yóò tó ohun tí a ń retí?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti owó nìkan, ó kan ẹ̀mí pẹ̀lú. Ọkọ̀ àgbà kan wà tí ó gbé èrò rẹ̀ délé láìséwu, òmíràn sì wà tí ó di pósí fún àwọn tí ó wọ̀ ọ́. Bí a bá tọpasẹ̀ ìtàn Astoria, tí a sì fi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ wé e, a ó rí i pé ọjọ́ orí ọkọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a wò. Ẹni tí ń tọ́jú ọkọ̀ náà, òfin tí ń ṣọ́ ọ, àti ohun tí èrò fúnra rẹ̀ ń wá lórí omi ni ó ṣe pàtàkì jù.

Stockholm ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìkanọkọ̀ Götaverken ní ìlú Gothenburg, lórílẹ̀-èdè Swídìn, ni ó kàn án. Wọ́n tì í sómi ní ọdún 1946, ó sì gbéra lọ sí New York fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1948. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni nígbà náà. Ọkọ̀ òfuurufú ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gba èrò mọ́ ọkọ̀ òkun lọ́wọ́, nítorí náà àwọn tí ó ni Stockholm mọ̀ọ́mọ̀ kàn án ní ìwọ̀nba ni. Nǹkan bí 12,000 tọ́ọ̀nù ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 160 mítà, èrò tí ó sì ń gbà níbẹ̀rẹ̀ kò pé 400. Queen Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ń ná òkun Àtìláńtíìkì nígbà yẹn, lé ní 83,000 tọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Stockholm ni ó ti kéré láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó ní àléébù kan tí àwọn èrò rẹ̀ kò lè gbàgbé. Bí ìgbì bá ru sókè, a máa fì sọ́tùn-ún sósì ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní agbára kan pẹ̀lú: wọ́n fi irin tí ó nípọn ṣe imú rẹ̀ nítorí yìnyín òkun ìhà àríwá. Imú náà ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ní òru ọjọ́ 25, oṣù Keje, ọdún 1956, Stockholm ti kúrò ní New York, ó ń padà sílé. Kùrukùru bo ojú òkun nítòsí erékùṣù Nantucket. Ọkọ̀ Andrea Doria ti ilẹ̀ Ítálì ń bọ̀ láti apá kejì. Ọkọ̀ méjèèjì ní ẹ̀rọ rédà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì rí èkejì lórí ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ wọ́n ṣi ara wọn lóye. Imú Stockholm wọ ẹ̀gbẹ́ Andrea Doria ṣinṣin. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Andrea Doria lé ní 29,000 tọ́ọ̀nù, ó ju ìlọ́po méjì Stockholm lọ, kò sì tíì pé ọdún mẹ́rin tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rì. Ènìyàn 46 kú nínú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Stockholm márùn-ún náà sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún lọ. Ọkọ̀ kékeré náà, tí imú rẹ̀ ti fọ́ yángá, kó èyí tí ó ju 500 lọ nínú àwọn tí ó yè, ó sì fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ rìn padà sí New York. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe imú tuntun fún un. Ní òru ọjọ́ yẹn, jíjẹ́ ọkọ̀ tuntun àti jíjẹ́ ọkọ̀ ńlá kò gba Andrea Doria sílẹ̀.

Ní ọdún 1960, Swídìn tà á fún Ìlà Oòrùn Jámánì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ ni Völkerfreundschaft, tí ó túmọ̀ sí ìbárẹ́ láàárín àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè gbogbo. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń pín ààyè inú rẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn wu ìjọba. Lẹ́yìn tí wọ́n mọ odi Berlin ní ọdún 1961, ọkọ̀ yìí wà lára àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí ará ìlú lè gbà rí òkèèrè. Ó ń gbé wọn lọ sí òkun Baltic àti òkun Mẹditaréníà, ó sì ń gbé wọn dé Kúbà. Fún irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ yàrá kọ́ ni ọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tí kò ní odi lójú ni wọ́n ń wá, ọkọ̀ àgbà náà sì fún wọn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ó bẹ́ sómi láti inú rẹ̀, kí wọ́n lè sá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Lẹ́yìn tí Ìlà Oòrùn Jámánì yọwọ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1985, ó di ilé fún àwọn tí ń wá ibi ìsádi ní Oslo, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè. Òrùlé tí kò jò àti ibùsùn tí ó gbẹ ni àwọn wọ̀nyí ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1989, àwọn ará Ítálì rà á, wọ́n sì fà á lọ sí Genoa. Genoa gan-an ni ìlú tí wọ́n ti kan Andrea Doria, tí ó sì jẹ́ ibùdó rẹ̀ kí Stockholm tó rán an lọ sísàlẹ̀ òkun. Ní ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti tú ọkọ̀ náà dé eegun. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́, wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n wó àwọn yàrá rẹ̀, wọ́n kọ́ tuntun. Wọ́n sì fi irin kún ìdí rẹ̀ kí ó lè dúró dáadáa lórí omi. Ní ọdún 1994, ó jáde gẹ́gẹ́ bí Italia Prima.

Níbí ni ìbéèrè nípa ọjọ́ orí ti di ọ̀rọ̀ tí ó lọ́jú pọ̀. Ẹni tí ó wọ Italia Prima lọ́dún náà, ọkọ̀ ọdún mélòó ni ó wọ̀? Irin ìta rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ́ńjìnnì, okùn iná, ògiri àti ibùsùn rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan. Ọdún tí wọ́n kọ sí ara ọkọ̀ kò sọ ju ìdajì ìtàn lọ. Ọdún tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn, àti bí àtúnṣe náà ti jinlẹ̀ tó, ni ó sọ ìyókù.

Àwọn ará Èkó àtijọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé irú ìwọ̀n ọkọ̀ yìí fún wọn. Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí wọ́n kàn ní Glasgow ní ọdún 1951, jẹ́ nǹkan bí 14,000 tọ́ọ̀nù. Òun ni ó ń ná Liverpool sí Èkó títí di ọdún 1972, kí ó tó wá máa gbéra láti Southampton fún ọdún méjì sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ó lọ kàwé ní Ìlú Ọba ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé. Bí wọ́n ti ń yà ní Freetown àti Las Palmas, ohun tí ó wà lọ́kàn wọn ni kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Lónìí, ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń retí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ilé eré àti oríṣiríṣi oúnjẹ. Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024, tó nǹkan bí 248,000 tọ́ọ̀nù. Bí ẹnì kan bá gbé ohun tí ó yẹ kí ó retí lọ́dọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sínú Astoria, tí kò ju 16,000 tọ́ọ̀nù lọ, ó dájú pé yóò bínú. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọ èbúté kékeré tí àwọn ọkọ̀ ràgàjì kò lè dé, tí ó sì fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ dá òun mọ̀ kí ọjọ́ kẹta tó pé, lè sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Àmọ́ ṣá, ìtùnú wọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ di ìbòjú. Yarmouth Castle náà jẹ́ ọkọ̀ àgbà, ó sì kéré. Ọdún 1927 ni wọ́n kàn án, nǹkan bí 5,000 tọ́ọ̀nù ni. Láàárín Miami àti Nassau ni ó ti ń gbé àwọn olùgbafẹ́ ní ọdún 1965. Igi pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n sì ń kùn lé ara wọn láti mú kí ó máa dán bí tuntun ti di ìpele lórí ìpele. Ní òru ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, ọdún 1965, iná sọ nínú yàrá kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ọ̀dà àti igi náà di oúnjẹ iná. Okùn tí ó yẹ kí ó sọ àwọn ọkọ̀ kékeré ìgbẹ̀mílà kalẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nítorí ọ̀dà. Ọ̀gá àwọn atukọ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ènìyàn 90 ni ó ṣòfò. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí ó fi ẹwà fún ojú èrò níbi ìwọlé ni ó dí wọn lọ́nà àbájáde.

Láti inú eérú yẹn ni òfin ti jáde. Ní ọdún 1966, àwọn orílẹ̀-èdè mú ìlànà ìdènà iná lórí ọkọ̀ òkun le sí i, Amẹ́ríkà sì ṣe òfin pé kí àwọn tí ń ta ìrìn-àjò jẹ́ kí èrò mọ bí ààbò ọkọ̀ wọn ti rí. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá ọdún 2010, ìlànà àgbáyé mìíràn kò fi àyè sílẹ̀ mọ́ fún àwọn ọkọ̀ èrò àtijọ́ tí igi pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ arẹwà ayé ìgbà kan ni ó di àlòkù irin nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ tí a wá mọ̀ sí Astoria là á já, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sí i lára ní Genoa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọkọ̀ tuntun ni ibi ìsádi. Costa Concordia kò tíì pé ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tó 114,000 tọ́ọ̀nù, nígbà tí ó forí sọ àpáta nítòsí erékùṣù Giglio ní oṣù Kìíní ọdún 2012. Ènìyàn 32 kú. Ọkọ̀ náà kò gbó rárá. Ẹni tí ń darí rẹ̀ ni ó gbé e súnmọ́ etí ilẹ̀ jù.

Nítorí náà, ẹni tí ń wo ọkọ̀ àgbà kékeré kan tí ó sì ń ro bóyá kí òun sanwó ní ohun mẹ́rin láti wádìí. Àkọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe kẹ́yìn, àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀dà kì í ṣe àtúnṣe. Èkejì ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ àti bí àyẹ̀wò ààbò rẹ̀ ti rí. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí ó ni ín lónìí, àti bóyá owó ọwọ́ rẹ̀ tó láti parí ìrìn-àjò tí ó ń polówó. Ẹ̀kẹrin ni ìbéèrè tí èrò yóò bi ara rẹ̀: kí ni mo ń wá lórí omi? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìbéèrè kẹta yẹn ni ó fi òpin sí ìtàn Astoria. Àrùn Kòrónà dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ tí ń lò ó sì kógbá wọlé ní oṣù Keje ọdún náà. Ó dúró sí Rotterdam fún ọdún bíi mélòó kan, kò sí ẹni tí ó rí owó àtúnṣe san. Ó ti la yìnyín, kùrukùru, ìjàm̀bá àti ìyípadà ìjọba kọjá pẹ̀lú irin tí wọ́n fi kàn án ní Gothenburg. Àìsí olùtọ́jú ni kò lè là já.