TA NI Ó PA JÉSÙ? Ẹ̀bi, Ojúṣe àti Ìka Tí Ọba Ń Gé

Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtàn sínú ìwé ọdún yìí. Mo rò ó títí, mo sì mú ìbéèrè kan tó máa ń jẹ yọ ní gbogbo ọdún Àjíǹde: ta ni ó pa Jésù? Àwọn kan á ní Júdásì ni. Àwọn mìíràn á ní Pílátù ni. Ọ̀pọ̀ á ní àwọn Júù ni, wọn á sì fi kún un pé ìdí nìyẹn tí ojú ìran náà fi rí màbo. Ìdáhùn tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí ó ti pa ènìyàn púpọ̀ láyé, irú rẹ̀ sì ti pa ènìyàn ní Wárì níbí.

ÀGBÉLÉBÙÚ TI PẸ́ NÍ WÁRÌ

Àwa Yorùbá máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀sìn Kírísítì láti Àgbádárìgì, níbi tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní 1842. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a wà yìí ti gbọ́ ìròyìn àgbélébùú ṣáájú ìgbà náà. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine láti erékùṣù São Tomé ti dé ọ̀dọ̀ Olú àwọn Itsekiri, tí èdè wọn àti tiwa jẹ́ ọmọ ìyá. Ọmọ ọba kan, Domingos, lọ kàwé ní Portugal, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sì padà wá jọba. Nígbà tí John Adams, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé rẹ̀ ní 1823, ó sọ pé òun rí ère àgbélébùú lórí tábìlì ní ààfin Wárì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pa Jésù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ládùúgbò yìí.

OHUN TÍ ÌTÀN FI YÉ WA

Lábẹ́ òfin Júù, òkúta ni wọ́n máa ń sọ pa ẹni tí wọ́n bá ní ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run, bí wọ́n ti ṣe Sítéfánù. Kíkàn mọ́ àgbélébùú jẹ́ ìyà tí ìjọba Róòmù fi ń jẹ ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀. Àwọn Júù gan-an jẹ nínú rẹ̀ púpọ̀. Josephus, òpìtàn Júù, sọ pé lẹ́yìn ikú Hẹ́rọ́dù Ńlá, ọ̀gágun Varus kan nǹkan bí 2,000 nínú wọn mọ́ àgbélébùú. Tacitus, òpìtàn Róòmù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 116, sọ ọ́ ní ṣókí pé Pílátù ni ó pa Kírísítì nígbà ìjọba Tiberius. Ní 1961, àwọn awalẹ̀pìtàn rí òkúta kan ní Kesaríà tí orúkọ Pílátù àti ipò rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó ṣe gómìnà Jùdíà láti ọdún 26 títí di 36.

Káyáfà olórí àlùfáà ńkọ́? Ọwọ́ gómìnà Róòmù ni oyè rẹ̀ wà. Gómìnà tó ṣáájú Pílátù ló fi í jẹ oyè, ọ̀gá Róòmù mìíràn ló sì yọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn odò yìí yóò tètè lóye irú ìjọba bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Nana Olomu ní Ebrohimi ní 1894, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí wà lẹ́yìn wọn. Ìtàn kò fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ni ọkọ̀ ogun? Ta ló dájọ́ Nana, tó sì lé e kúrò nílùú títí di 1906? Ẹni tó bá sọ pé gbogbo Itsekiri ló ta Nana ti purọ́, nítorí Itsekiri ni Nana, Itsekiri sì wà nínú àwọn tó kú nítorí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Jésù rí. Júù ni òun fúnra rẹ̀. Júù ni ìyá rẹ̀, Júù ni Pétérù àti Pọ́ọ̀lù, Júù ni àwọn obìnrin tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ Júù ìgbà náà ló ń gbé ní Íjíbítì, ní Róòmù àti ní Bábílónì, tí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

PÍLÁTÙ ÀTI ÌWẸ̀WỌ́ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé fáìlì lè gba ọwọ́ ogún ènìyàn kọjá, kí oníkálùkù kọ èrò tirẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bu ọwọ́ lù ú ló ni ín. Pílátù bu ọwọ́ lù ú, ó wá bu omi wẹ ọwọ́ náà. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun ni àgbà ọjà lọ́jọ́ náà.

Síbẹ̀, ìjọ Ọlọ́run kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tún ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Nicaea ṣe ní Constantinople ní 381, wọ́n fi orúkọ Pílátù sí i, títí dòní ni a sì ń dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìjọ Ethiopia ka Pílátù mọ́ àwọn ẹni mímọ́, nítorí wọ́n gbà pé ó ronú pìwà dà. Bí ènìyàn bá ti ń dín ẹ̀bi Pílátù kù, ẹ̀bi náà ní láti wọ̀ sí ọrùn ẹlòmíràn. Ọrùn àwọn Júù ló wọ̀ sí.

BÍ Ẹ̀BI ÀWỌN DÍẸ̀ ṢE DI TI ÌRAN KAN

Inú Mátíù orí 27 ni a ti kà pé èrò tó wà níwájú Pílátù gba ẹ̀jẹ̀ náà sórí ara wọn àti sórí ọmọ wọn. Ẹ wo bí àyè iwájú ilé gómìnà ti lè tóbi tó! Ọ̀rọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ìran títí ayé. Ní nǹkan bí ọdún 160 sí 170, Melito, bíṣọ́ọ̀bù Sardis, ti ń wàásù pé Ísírẹ́lì ni ó pa Ọlọ́run. Ní 386 àti 387, John Chrysostom wàásù kíkorò lórí àwọn Júù ní Áńtíókù. Ní 1096, àwọn tó ń lọ jagun ẹ̀sìn ní Jerúsálẹ́mù kọ́kọ́ pa àwọn Júù ní Worms àti Mainz ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n ní àwọn ń gbẹ̀san Jésù. Ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ti kọjá lẹ́yìn Pílátù nígbà náà! Luther náà kọ ìwé burúkú lórí wọn ní 1543. Nígbà tí ìjọba Hitler wá pa nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà Júù, kì í ṣe ikú Jésù ni wọ́n fi ṣe àwíjàre gan-an, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n gbin ìkà náà sí, ìwàásù ti ro ó sílẹ̀ tipẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ tó tọ́ wà nínú ìjọ kan náà. Ìwé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tó jáde ní 1566 lẹ́yìn ìpàdé Trent sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ènìyàn ló fa ikú Jésù, àti pé ẹ̀bi Kírísítẹ́nì tó ń dẹ́ṣẹ̀ wúwo ju ti àwọn Júù lọ, nítorí Kírísítẹ́nì mọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹ̀kọ́ náà wà nínú ìwé, kò dé ìgboro.

Ní 1960, òpìtàn Júù kan láti ilẹ̀ Faransé, Jules Isaac, tí àwọn Násì pa ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀, lọ bá Póòpù John Kẹtàlélógún pé kí ìjọ tún ẹ̀kọ́ yìí ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, 1965, ìpàdé Vatican Kejì gbé ìwé Nostra Aetate jáde. Bíṣọ́ọ̀bù 2,221 fọwọ́ sí i, 88 kọ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ ka ikú Jésù sí gbogbo Júù ìgbà náà lọ́rùn, áḿbọ̀sìbọ́sí Júù òde òní. Ọdún kan péré ṣáájú, ní 1964, ni wọ́n dá dáyósíìsì Kátólíìkì Wárì sílẹ̀, nítorí náà ọmọdé ni í nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí jáde. Ní 1994, ìjọ Lutheran tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ Luther lórí àwọn Júù sílẹ̀ ní gbangba.

ÀYÀNMỌ́ ŃKỌ́?

Àwọn kan máa ń ní bí Ọlọ́run bá ti pinnu rẹ̀, kí ni ẹ̀bi Júdásì? Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4 to orúkọ Hẹ́rọ́dù, Pílátù, àwọn Kèfèrí àti àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì jọ, ó sì ní ohun tí Ọlọ́run ti pinnu ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n Máàkù orí 14 fi hàn pé Jésù sọ méjèèjì pọ̀: ọ̀nà òun ti wà nínú ìwé, síbẹ̀ ègbé ni fún ẹni tó dà á. Yorùbá tó gba àyànmọ́ gbọ́ náà ní ọ̀dàlẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Àyànmọ́ kì í gba ojúṣe lọ́wọ́ ẹni.

KÍ LÓ KÀN WÁ NÍBẸ̀?

Ní 1997, nígbà tí ìjọba gbé olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìjọ̀ àti Itsekiri. Ó kan Urhobo náà, ó sì tún gbiná ní 2003. Ẹ rántí bí a ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà: "àwọn ni wọ́n pa wá." Àwọn ta? Ẹni tó yìnbọn ní orúkọ. Ẹni tó ra ìbọn ní orúkọ. Ẹni tó bu ọwọ́ lu ìwé tó dá ìjà sílẹ̀ náà ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹja, tí kò di ohun ìjà mú rí, ni wọ́n jó ilé rẹ̀ nítorí ẹ̀yà tó ti wá.

Ẹ̀tàn kejì tún wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣọ́ra fún. Bí a bá ní gbogbo ìran ló jẹ̀bi, aláìṣẹ̀ á kú. Bí a bá sì ní gbogbo ayé ló jẹ̀bi, tí a dúró síbẹ̀, Pílátù á yọ́ lọ sílé. Ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì pé ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nínú ohun tó kan Jésù mọ́ igi wà fún kí n yẹ ara mi wò lórí eékún. Kò sí fún kí adájọ́ fi bo fáìlì mọ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà rú wọn lójú: ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kì í gé ọwọ́ lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi ìka tó ṣẹ̀ sílẹ̀.

Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wa lórí ilẹ̀ Uvwie yìí, àwọn onílẹ̀ sì gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ wá ni pé, bí aáwọ̀ bá dé láàrin ọjà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ẹgbẹ́ wa yìí, kí a béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é, kí a má béèrè ìlú rẹ̀. Bí Jímọ̀ Ìràpadà bá sì tún dé, tí àwọn ọmọ wa bá béèrè ẹni tó pa Jésù, ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà fún wọn délẹ̀délẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹgbẹ́ wa sí, kí àlàáfíà jọba ní Ugbolokposo àti ní gbogbo Wárì.