Bí Ìkìlọ̀ Iná Ṣe Di Iṣẹ́ Wáyà ní Jámánì
Nígbà tí iná sọ ní Deichstraße ní ìlú Hamburg lóru ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, tó jó títí di ọjọ́ 8, tó pa ènìyàn 51, tó sì sọ nǹkan bí 20,000 di aláìnílé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì àti igbe àwọn ọdẹ òru ni ìlú gbójú lé fún ìkìlọ̀.

Ṣùgbọ́n ní Berlin, ní ọdún 1851 tí Ludwig Scabell dá ẹgbẹ́ panápaná agbowó-oṣù àkọ́kọ́ ní Jámánì sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Siemens & Halske na wáyà tẹligíráàfù, ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná gbé àmì ọ̀rọ̀ káàkiri, fún ìkìlọ̀ iná. Òṣìṣẹ́ tó jókòó ti ẹ̀rọ náà, tí kò rí èéfín, àmọ́ tó gbọ́dọ̀ rán àwọn panápaná jáde kíákíá, ni aṣíwájú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìkìlọ̀ iná lónìí, ó sì tọ́ sí ọ̀wọ̀ púpọ̀. Ọdún 1872 ni Hamburg dá ẹgbẹ́ panápaná agbowó-oṣù tirẹ̀ sílẹ̀.