Àga Tí Mo Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pè Ní Ayédèrú

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rẹ́ mi kan ní Amẹ́ríkà ra ọkọ̀ Dodge Dart ọdún 1968, irú èyí tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Hemi sí fún eré ìje ìdámẹ́rin máìlì. Ó ní kí n bá òun wádìí bóyá àga inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fi sí i. Àga náà rí pẹlẹbẹ bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Kò sì sí àga lẹ́yìn rárá. Díẹ̀ ló kù kí n ní kó yọ ọ́ dànù.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nígbà tí mo ka ìwé àtijọ́, mo rí i pé àga ọkọ̀ akẹ́rù Dodge A100 gan-an ni wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi sí i, nítorí pé ó fúyẹ́. Ìdí kan náà ni wọn kò fi fi àga sẹ́yìn, tí ó sì jẹ́ pé okùn ni a fi ń fa gíláàsì fèrèsé sókè.

Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ìwádìí, ẹ̀rí òtítọ́ ni ǹ bá sọ di pàǹtírí. Ohun tó jọ àṣìṣe lójú wa lè jẹ́ ọgbọ́n ẹni tó ṣe é. Abéèrè kì í ṣìnà.