Differential Equation àti Kọ̀ǹpútà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Ilẹ̀ Yewa

Differential equation ni irú ìdọ́gba ìṣirò tí kì í sọ iye tí nǹkan jẹ́, bí kò ṣe bí iye náà ṣe ń yí padà. Ọwọ́ oníṣirò ló kù sí láti wá iye náà jáde. Bí ògì gbígbóná ṣe ń tutù nínú àwo, bí bátìrì sólà ṣe ń gba iná, bí ibà ṣe ń ti ara ẹ̀fọn bọ́ sí ara ènìyàn, bí ẹja ṣe ń bí sí i nínú adágún, gbogbo rẹ̀ ló ṣe é kọ sílẹ̀ lọ́nà yìí. Àyọkà yìí dá lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ohun tí kọ̀ǹpútà lè yí padà nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ìlú méjì lọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ìlaròó, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, ni Federal Polytechnic wà láti ọdún 1979. Àwọn tó ń ṣe ND nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ń bá differential equation pàdé lábẹ́ Calculus. Bí wọ́n bá dé HND, wọ́n á tún bá a pàdé lábẹ́ Numerical Methods, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà wá ìdáhùn. Ayétòrò, olú-ìlú Àríwá Yewa, ni ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Ogun State University, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 2001. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìṣirò gan-an níbẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè ló ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, Ìbógùn ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ìṣirò yìí kàn tó ọmọ Ayétòrò, torí ohun tó ń dàgbà, tó ń bí sí i, tó sì ń kú ni iṣẹ́ àgbẹ̀ dá lé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni ti bébà àti bírò. Olùkọ́ á kọ ìdọ́gba sójú pátákó, á sọ irú èyí tó jẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á sì lo ọgbọ́n tó bá irú rẹ̀ mu: yíya y sọ́tọ̀ kúrò lára x, integrating factor, Laplace transform. Engineering Mathematics tí K. A. Stroud kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1970 ti fi àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí kọ́ ìran lé ìran akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ọ̀nà náà dára, ó ń kọ́ni ní sùúrù. Àléébù rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbà pé kò sí differential equation tí kò ní fọ́múlà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Púpọ̀ jù lọ nínú èyí tí iṣẹ́ gidi ń gbé wá ni kò ní fọ́múlà kankan; ìwọ̀nba tó ní in ni àwọn ìwé ń ṣà jọ.

Àwọn àgbà onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ wa ti mọ èyí tipẹ́. Chike Obi, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, gbà á ní Cambridge ní 1950, differential equation tí ọgbọ́n inú ìwé kì í ká ló sì fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó kọ́ni ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ni ní Èkó. James Ezeilo gba tirẹ̀ ní Cambridge ní 1959. Òun àti Haroon Tejumola jọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn títí orúkọ ibẹ̀ fi kàn nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí. Kì í ṣe fọ́múlà ni wọ́n ń wá. Ìbéèrè wọn ni pé: bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, ṣé nǹkan náà á máa lọ sókè láìdúró ni, àbí á padà fìdí balẹ̀ sójú kan? Wọ́n dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tó dájú, láìyanjú ìdọ́gba náà fúnra rẹ̀. Ìbéèrè yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì lónìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwòrán ni kọ̀ǹpútà ń fúnni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọgbọ́n tí ẹ̀rọ náà ń lò ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Euler tẹ tirẹ̀ jáde ní 1768: bí o bá mọ ibi tí nǹkan wà báyìí àti bó ṣe ń yára yí padà, gbé ìgbésẹ̀ kékeré kan síwájú, tún ìyára rẹ̀ wò, kó o tún gbé òmíràn. Runge ní 1895 àti Kutta ní 1901 sọ ọ́ di ọ̀nà tó péye gan-an. Àmọ́ iṣẹ́ àṣelàágùn ni fún ẹni tó bá ń fọwọ́ ṣe é. Nítorí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, láti mọ ibi tí ọta àgbá máa balẹ̀, ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi sanwó kọ̀ǹpútà ENIAC, tí wọ́n parí ní 1945. Ní 1963 ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà, nítorí iṣẹ́ ìkànìyàn. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, Cleve Moler kọ MATLAB, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ní Yunifásítì New Mexico kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ wàhálà èdè kọ̀ǹpútà Fortran. Ìdí kan náà ni John Eaton fi kọ Octave láti 1992. Ọ̀fẹ́ ni Octave, bẹ́ẹ̀ náà ni Python àti SciPy, ìyẹn sì ṣe pàtàkì níbi tí owó MATLAB ti ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Lọ́dún 1992 yẹn kan náà ni àwọn olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí Robert Borrelli àti Courtney Coleman ti Harvey Mudd wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ C·ODE·E sílẹ̀, kí wọ́n lè máa fi kọ̀ǹpútà kọ́ni ní ìṣirò yìí bí ẹni ń ṣe àdánwò nínú láàbù.

Irú àdánwò bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Ayétòrò. Ká ní adágún kan lè gba ẹja epìyà 1,000, wọ́n da 100 sí i, ìyára ìbísí wọn sì jẹ́ 0.5 lóṣù, ṣùgbọ́n tó ń dín kù bí àyè ṣe ń há mọ́ wọn. Verhulst, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ló gbé ìdọ́gba yìí jáde ní 1838, ó sì wà lára ìwọ̀nba tó ní fọ́múlà: lẹ́yìn oṣù kan, ẹja á tó 154.8. Ọ̀nà Euler, ní ìgbésẹ̀ olóṣù kan, sọ pé 145. Bí a bá dá ìgbésẹ̀ náà sí méjì, ó di 149.4. Ọ̀nà Runge àti Kutta, ní ìgbésẹ̀ olóṣù kan ṣoṣo, mú 154.8 wá. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi kalikulétọ̀ ṣe ìgbésẹ̀ kan yìí kó tó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ọgọ́rùn-ún, kó lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn. Ká ní adágún ti kún, àgbẹ̀ wá ń kó 100 jáde lóṣooṣù: ìlà orí kọ̀ǹpútà á rọra sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 724, á sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń kó 130, adágún á ṣófo bó pẹ́ bó yá. 125 ni ààlà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí nọ́ńbà náà títí tó fi rí ààlà yẹn ti wọnú ìbéèrè tí Ezeilo àti Tejumola fi ọjọ́ ayé wọn bèèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣini lọ́nà. Ẹ gbé ògì tó gbóná tó 90°C sínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30°C, kí ìyára títutù rẹ̀ jẹ́ 0.1 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, ó yẹ kó ku bíi 35°C. Ẹ wá fún ọ̀nà Euler ní ìgbésẹ̀ ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kan náà: á kọ −60°C, ní ìgbésẹ̀ kejì á kọ 165°C, kò sì ní fi àmì kankan hàn pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó ti fi ẹnu kan ògì rí ló máa mọ̀ pé irọ́ ni. Olùkọ́ tí kò bá fi èyí han kíláàsì rẹ̀ kò tíì kọ́ wọn ní ìṣirò orí kọ̀ǹpútà.

Ní ti irinṣẹ́, fóònù ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, láptọ́ọ̀pù kò kárí. GeoGebra lè ya àwòrán ìdáhùn lórí fóònù. Wolfram Alpha, tó jáde ní 2009, lè fúnni ní fọ́múlà, ChatGPT sì ti ń ṣàlàyé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìparí 2022, nígbà mìíràn pẹ̀lú àṣìṣe tó fara jọ òótọ́. Níbi tí iná kì í dúró, tí dátà sì wọ́n, Octave sàn ju ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí bí wọ́n bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Kò sì pọn dandan kí gbogbo ọmọ kíláàsì ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀: bí mẹ́ta bá jókòó ti ẹyọ kan, tí ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́, tí méjì ń jiyàn ibi tí ìlà máa gbà, ẹ̀kọ́ á wọlé. Ohun tó ṣòro jù ni ìdánwò. Títí tí ìbéèrè ìdánwò bá ṣì ń béèrè fọ́múlà nìkan, fọ́múlà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa há sórí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà nínú rẹ̀, ààlà ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dínà. Ní Dangbo, nítòsí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ni IMSP wà, ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó ń kọ́ni títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Bí ẹyẹ bá ń fò, Dangbo sún mọ́ Ìlaròó ju Ìbàdàn lọ. Èdè Faransé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí náà ọmọ Yewa tó bá ń ronú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà kó tó parí HND tàbí dìgírì rẹ̀.